Rìsíìtì kì í ṣe owó o

Aago mẹ́jọ àárọ̀ yìí ni ẹnì kan fi àwòrán rìsíìtì ránṣẹ́ lórí WhatsApp: "Mo ti sanwó o, ẹ bá mi di àdìrẹ yáàdì márùn-ún yẹn." Ọlọ́kadà ti dúró sẹ́nu ọ̀nà. A ṣí áàpù báńkì, kọ́bọ̀ ò wọlé. Ọlọ́kadà padà lọ́wọ́ òfo.

Ẹ̀yin tí ẹ ń tajà lórí fóònù, ẹ má gba rìsíìtì gbọ́, ẹ má sì gba àlẹ́ẹ̀tì orí fóònù gbọ́. Méjèèjì ló ṣeé rọ. Iye tó wà nínú àkáǹtì gan-an ni kí ẹ wò. Ṣùgbọ́n ẹ má tètè pe oníbàárà lólè. Ó lè ṣi nọ́ńbà kan tẹ̀ nínú mẹ́wàá tó wà nínú nọ́ńbà àkáǹtì yín, ó sì lè jẹ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì ló há owó náà mọ́nà. Ẹ sọ fún un pé, "Kò tíì wọlé, ẹ jẹ́ ká mú sùúrù." Ẹrù ò gbọdọ̀ kúrò nílẹ̀ kí owó tó wọlé.

Àwòrán aṣọ ńkọ́? Ìta ni kí ẹ ti yà á, lábẹ́ ìbòòji. Iná gílóòbù máa ń pa àwọ̀ aró dà, àwọn oníbàárà á wá ní kì í ṣe aṣọ táwọn rà nìyẹn. Ẹ na téèpù sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ kí wọ́n rí ìbú rẹ̀.

Tí ẹ bá fi àwòrán náà sórí sítátọ́ọ̀sì WhatsApp, wákàtí 24 péré ló ń lò. Bródíkáàsì, ìyẹn ọ̀rọ̀ kan tí ẹ fi ránṣẹ́ sí ọ̀pọ̀ èèyàn lẹ́ẹ̀kan náà, ò sì ní dé ọ̀dọ̀ ẹni tí kò bá fi nọ́ńbà yín pamọ́ sórí fóònù rẹ̀.