Àjọ bàálù: ohun tí máìlì ọdún márùn-ún kọ́ mi

Ìyá mi ta aṣọ ní Dùgbẹ̀ fún ohun tó lé ní ọgbọ̀n ọdún, mi ò sì mọ ọdún kan tí wọn ò dá àjọ nínú rẹ̀. Bóyá ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé àwọn ló bi mí ní ìbéèrè tó yẹ kí n ti bi ara mi láti ìbẹ̀rẹ̀. Mo ń ṣàlàyé fún wọn lórí fóònù pé máìlì mi, ìyẹn póìǹtì tí wọ́n ń fún oníbàárà kó lè fi gba tíkẹ́ẹ̀tì tó bá yá, lọ́dọ̀ ilé-iṣẹ́ bàálù tí mo máa ń wọ̀ wálé ti pé 50,000, pé òun ni màá fi gbé wọn wá sí London lọ́fẹ̀ẹ́ kí a jọ ṣe Kérésì.

Wọ́n ní, "Ta ló ń sọ iye tí máìlì yẹn jẹ́?"

Mo ní ilé-iṣẹ́ bàálù náà ni.

"Ṣé wọ́n lè jí lọ́la kí wọ́n ní kò tó iye yẹn mọ́?"

Mo ní ó ṣeé ṣe, Màámi, ṣùgbọ́n...

"Alájọ wo wá nìyẹn?"

Mo rẹ́rìn-ín. Gbogbo wa la mọ ọ̀rọ̀ Alájọ Ṣómólú, tí wọ́n ní orí rẹ̀ pé débi pé ó ń gba àjọ láìkọ orúkọ ẹnikẹ́ni sílẹ̀, tí kò sì ṣi owó ẹnikẹ́ni san. Ilé-iṣẹ́ bàálù ní kọ̀ǹpútà tó ń kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀, kí ló tún kù? Ohun tó kù ni ohun tí ìyá mi rí tí èmi ò rí: ẹni tó ń kọ ọ́ sílẹ̀ náà ló ń sọ iye tó jẹ́.

Lọ́dún tí mo bẹ̀rẹ̀, 40,000 máìlì ni àlọ-àbọ̀ Èkó sí London lọ́dọ̀ wọn. Kí n tó kó o pé, lẹ́tà kan dé sínú ímeèlì mi pé wọ́n ti "mú ètò náà dára sí i" fún wa, ó sì di 50,000. (Tẹ́ ẹ bá rí lẹ́tà tó bẹ̀rẹ̀ báyẹn, ẹ jókòó kẹ́ ẹ tó kà á.) Nígbà tí mo wá fẹ́ gba tíkẹ́ẹ̀tì, mo wá ààyè láti ọjọ́ kẹwàá oṣù Kejìlá títí di ọjọ́ kẹwàá oṣù Kìíní. Ìjókòó kan ṣoṣo tí a lè fi máìlì gbà kò sí. Bàálù ò kún o. Ẹni tó bá fẹ́ san owó, ìjókòó wà níbẹ̀ rẹpẹtẹ. Oṣù Kejì ni mo tó rí ọ̀kan, nígbà tí òtútù London bá ń wọni léegun. Wọ́n tún ní kí n san £380 lé 50,000 yẹn lórí, owó ìjọba àti àfikún tí ilé-iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀ bù lé e.

Mo mú bébà, mo ṣe ìṣirò. Tíkẹ́ẹ̀tì kan náà, ọjọ́ kan náà, £820 ni tí mo bá fi owó rà á. Tí mo bá yọ £380 tí wọ́n máa gbà lọ́wọ́ mi kúrò, ó ku £440. Ìyẹn ni pé gbogbo máìlì ọdún márùn-ún mi, £440 ló jẹ́. 1,000 máìlì, £8.80. Kò burú jù, àbí? Ó burú. Torí láàárín ọdún márùn-ún yẹn, mo ti fojú fo tíkẹ́ẹ̀tì tó dínwó lọ́dọ̀ àwọn ẹlòmíràn nítorí kí máìlì mi má bàa dúró. Mo padà lọ wo àwọn ímeèlì àtijọ́, mo rí i pé nǹkan bí £90 ni mo ń fi ṣòfò lórí èyí lọ́dọọdún. £90 lọ́nà márùn-ún, £450. Mo san £450 kí n lè jẹ ọ̀fẹ́ £440. Mi ò tíì ka káàdì báńkì tí mo ń san owó lé lórí lọ́dọọdún nítorí máìlì mọ́ ọn.

Látìgbà náà, ìṣirò yẹn ni mo fi ń yẹ ètò máìlì wò, ojú ọ̀nà tí èmi fúnra mi ń rìn ni mo sì ti ń ṣe é. Àwọn kan á máa fi New York sí Paris ṣàlàyé fún yín bí máìlì ṣe dùn tó. Kí ló kàn yín kan Paris? Ẹ ṣí ojú ìwé ilé-iṣẹ́ náà kẹ́ ẹ tó kó ọkàn yín lé e, ẹ wá ìjókòó máìlì fún ọjọ́ tẹ́ ẹ máa ń wálé gan-an: àsìkò Kérésì, ìgbà tí àwọn ọmọ bá gba ọlidé nínú oṣù Kẹjọ. Tẹ́ ẹ bá wá a lẹ́ẹ̀mẹta tí ẹ ò rí i, ètò yẹn kì í ṣe tiyín, bó ti wù kí orúkọ rẹ̀ dùn tó.

Iye tí máìlì jẹ́ tún máa ń bá owó tíkẹ́ẹ̀tì lọ sókè sódò. Nígbà tí Air Peace bẹ̀rẹ̀ sí í gbé èrò láàárín Èkó àti Gatwick ní London ní oṣù Kẹta ọdún 2024, àwọn tó ní máìlì púpọ̀ lára wa ò rò pé ó kàn wá. Ó kàn wá. Tí owó tíkẹ́ẹ̀tì bá já wálẹ̀ tí iye máìlì tí wọ́n ń béèrè ò sì yí padà, àjọ yín ló ti yọ́ sínú àpótí yẹn.

Bí wọ́n ṣe ń fún wa ní máìlì náà ti yàtọ̀. Nígbà tí American Airlines dá ètò máìlì tiwọn, AAdvantage, sílẹ̀ ní 1981, bí ọ̀nà bá ṣe jìn tó ni máìlì ṣe ń pọ̀ tó. Èkó sí London jìn tó 3,100 máìlì, nítorí náà àlọ-àbọ̀ wa máa ń mú bí 6,200 wá, ì báà jẹ́ tíkẹ́ẹ̀tì tó dínwó lo rà. Delta àti United yí i padà ní 2015 kó máa bá iye owó tí èèyàn san lọ, American tẹ̀ lé wọn ní 2016, British Airways ṣe tiwọn nínú oṣù Kẹwàá ọdún 2023. Ọmọ ẹgbẹ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé sọ́dọ̀ British Airways ń gba Avios (orúkọ tí wọ́n ń pe máìlì tiwọn) 6 lórí £1, wọn ò sì ka owó orí tí ìjọba ń gbà mọ́ ọn. Tí £500 nínú owó tíkẹ́ẹ̀tì yín bá jẹ́ ti ilé-iṣẹ́, 3,000 Avios nìyẹn. Tíkẹ́ẹ̀tì tó pọ́ọ́kú jù lọ lọ́dọ̀ Delta kì í mú máìlì kankan wá rárá. Ẹni tó ń ra tíkẹ́ẹ̀tì olówó pọ́ọ́kú bíi tèmi kọ́ ni wọ́n ṣe ètò yìí fún mọ́, mo sì rò pé ó dáa kí èèyàn mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Kí ló wá kù fún wa? Ẹrù. Mo mọ̀ pé àwọn èèyàn máa ń sọ̀rọ̀ nípa yàrá ìsinmi tí wọ́n ti ń fúnni ní wáìnì, ṣùgbọ́n ẹ bi ẹnikẹ́ni tó ti dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìwọ̀n ní Ìkẹjà rí, tó ń ṣí báàgì nílẹ̀ẹ́lẹ̀ lójú gbogbo èrò, tó ń yọ èlùbọ́ sínú báàgì ọwọ́, tó ń wọ bàtà méjì lórí ara wọn. Ipò, ìyẹn oyè tí ilé-iṣẹ́ bàálù ń fún ẹni tó ń wọ̀ wọ́n dáadáa, ni wọ́n fi ń ra ìtìjú yẹn padà. Ẹni tó bá ní ipò Gold nínú Star Alliance, ẹgbẹ́ àwọn ilé-iṣẹ́ bàálù tó ń bára wọn ṣe, ó ní ẹ̀tọ́ sí báàgì kan sí i níbi tí wọ́n bá ti ń ka báàgì, tàbí kílò 20 sí i níbi tí wọ́n bá ti ń wọn kílò. Báàgì kan sí i, àlọ àti àbọ̀, fún ẹni tó ní mọ̀lẹ́bí bíi tèmi, ó lé ní máìlì 20,000 lójú mi. Ẹ ka iye tí báàgì àfikún jẹ́ lọ́dọ̀ ilé-iṣẹ́ tẹ́ ẹ ń wọ̀, kẹ́ ẹ fi í sínú ìṣirò.

Àmọ́ ẹ má fi owó lé ipò kiri. Láti oṣù Kẹrin ọdún 2025, lọ́dọ̀ British Airways, £1 ni póìǹtì ipò kan. Bronze 3,500, Silver 7,500, Gold 20,000. Ẹni tó ń wálé lẹ́ẹ̀kan lọ́dún nínú economy, kó gbàgbé ẹ̀. Ẹni tí iléeṣẹ́ rẹ̀ ń ra tíkẹ́ẹ̀tì fún ni kó sọ̀rọ̀.

Ohun tí mo tún máa ń wò ni bóyá àjọ mi á ṣì wúlò lọ́jọ́ tí alájọ bá kó kúrò ládùúgbò. United ń gbé èrò láti Houston sí Èkó tẹ́lẹ̀. Wọ́n dá a dúró ní 2016, ó sì di ọdún 2021 kí wọ́n tó padà, láti Washington. Emirates dúró ní 2022 nítorí owó wọn tó há sí Nàìjíríà, oṣù Kẹwàá ọdún 2024 ni wọ́n padà dé. Nítorí náà, mo fẹ́ràn ètò tí mo lè fi wọ bàálù ẹlòmíràn. Máìlì United ṣeé kó jọ lórí Ethiopian, Turkish tàbí Lufthansa, torí inú Star Alliance ni gbogbo wọn wà, wọ́n sì ń wá sí Èkó. Avios ṣeé gbé láàárín British Airways àti Qatar. Ẹ kàn yẹ lẹ́tà álífábẹ́ẹ̀tì tí wọ́n fi ń mọ irú tíkẹ́ẹ̀tì yín wò kẹ́ ẹ tó rà á. Lẹ́tà míì wà tí kò ní mú ju ìdá kan nínú mẹ́rin máìlì náà wá.

Ti ọjọ́ ìparí ò le. Máìlì Delta, United àti Virgin kì í kú. Avios máa ń kú tí ohunkóhun ò bá wọlé tàbí jáde fún oṣù 36.

Orúkọ ńkọ́? Èyí pa mí lẹ́kún. Orúkọ ọkọ mi ni mo fi forúkọ sílẹ̀, orúkọ bàbá mi ló wà nínú ìwé ìrìnnà mi, ìrìnàjò méjì sì kọjá tí máìlì kankan ò wọlé. Boarding pass tí mo tọ́jú sínú Bíbélì ló gbà mí. Bí orúkọ yín bá ṣe wà nínú ìwé ìrìnnà ni kẹ́ ẹ kọ ọ́, gbogbo Olúwa tó wà níbẹ̀, láìsí àmì ohùn.

Oṣù Karùn-ún ni Màámi wá, owó ni mo fi ra tíkẹ́ẹ̀tì wọn, lọ́dọ̀ ẹni tó dínwó jù. Mo ṣáà forúkọ wọn sílẹ̀, torí ọ̀fẹ́ ni. Nígbà tí wọ́n padà dé Ìbàdàn, wọ́n pè mí. "Èló ni tèmi?"

Mo ní ó lé díẹ̀ ní ẹgbẹ̀rún méjì.

"Kí ló lè rà?"

Mo ní kò lè ra nǹkan kan báyìí, Màámi.

Wọ́n ní kò burú, kí n jẹ́ kó wà níbẹ̀. Tó bá ti pé owó gaàrí, kí n pè wọ́n.