Ẹja ò jìnnà sí ẹsẹ̀ yín: ohun tí omi Galveston kọ́ mi nípa redfish

Ẹ̀yin àbúrò mi tẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ dé Houston, tẹ́ ẹ ń bi mí báwo lèèyàn ṣe ń bẹ̀rẹ̀ sí í pa redfish, ẹja omi iyọ̀ ńlá kan, ní Galveston, ìlú etíkun tó wà nítòsí Houston, ẹ jókòó kí n sọ tèmi fún yín, torí odidi ọdún kan àtààbọ̀ ni mo fi ń lọ síbẹ̀ ní gbogbo Sátidé tí mo ń gbé kúlà padà wálé tí kò sí nǹkan kan nínú ẹ̀ ju áìsì tó ti yọ́ lọ, mi ò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni nínú yín tún gba ọ̀nà yẹn.

Ohun tó dà mí láàmú nígbà yẹn ni pé mo gbà pé inú ibú lẹja ńlá ń gbé. Mo lọ ra ọ̀pá tó gùn tó ẹsẹ̀ bàtà 12, mo so òjé wúwo mọ́ okùn, màá dúró sétí omi lápá West Bay, ìyẹn omi òkun tó wọnú ilẹ̀ lẹ́yìn erékùṣù Galveston, màá fi gbogbo agbára ju ìwọ̀ síwájú, àfi catfish tí wọ́n ń pè ní hardhead ló máa ń gbé e, ẹ̀gún ẹ̀ sì gún mi lọ́jọ́ kan, ọwọ́ yẹn wú fún ọjọ́ mẹ́ta. Bàbá ará Vietnam kan tó ti ń pẹja níbẹ̀ tipẹ́ ló wò mí títí, ló bá wá bá mi. Kò sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ó kàn na ìka sẹ́gbẹ̀ẹ́ koríko níbi tí omi ò lè mù mí dé orúnkún. Mo wò ó, mi ò rí nǹkan kan, ó ní kí n dúró. Ẹ gbọ́, ìrù ẹja yọ látinú omi, redfish ni! Ó ń pọ́n bíi bàbà, àmì dúdú roboto wà nídìí ẹ̀ bí ẹyinjú, ó ń mì sọ́tùn-ún sósì. Ibi tó wà síbi tí mo dúró sí ò ju ogún ìgbésẹ̀ lọ. Gbogbo ìgbà tí mò ń ju ìwọ̀ sọ́nà jíjìn, orí wọn ni mò ń jù ú kọjá.

Ẹ wo ẹnu redfish dáadáa lọ́jọ́ tẹ́ ẹ bá pa ọ̀kan, abẹ́ ló kọjú sí, ìsàlẹ̀ ló ti ń jẹun. Akàn, edé, àwọn ẹja wẹ́wẹ́, àwọn nǹkan wọ̀nyí ló ń wá, etí koríko àbàtà àti orí òkìtì karawun oyster ni wọ́n sì máa ń sá sí, ìdí nìyẹn tí òun náà fi ń dorí kodò nínú omi tí ò ju ẹsẹ̀ bàtà kan lọ tí ìrù ẹ̀ wà níta. Tẹ́ ẹ bá débẹ̀, ẹ má tètè kó sínú omi. Ẹ dúró fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá kẹ́ ẹ kàn máa wò: ṣé edé ń ta sókè? Ṣé ojú omi ń wú níbì kan bíi pé nǹkan ń tì í lábẹ́? Ṣé àwọn ẹja mullet kéékèèké ń fò tìbẹ̀rù-tìbẹ̀rù? Mo mọ̀ pé ara máa ń yá yín, ara ń yá èmi náà, àmọ́ ìṣẹ́jú mẹ́wàá yẹn ti fún mi lẹ́ja ju gbogbo ohun tí mo rà ní ṣọ́ọ̀bù lọ.

Èkejì ni pé kẹ́ ẹ mọ ìrìn omi. Omi tí ò bá rìn, ẹja ibẹ̀ ò fi bẹ́ẹ̀ jẹun. Ní Galveston níbí, omi tó ń wọlé tó ń jáde látinú òkun ò pọ̀, lọ́pọ̀ ọjọ́ ìyàtọ̀ ẹ̀ ò tó ẹsẹ̀ bàtà méjì, nítorí náà afẹ́fẹ́ lè bo gbogbo ohun tí wọ́n kọ sínú tábìlì tide, ìwé tó ń sọ àkókò tí omi ń wọlé tó ń jáde, mọ́lẹ̀. Èyí gan-an ló pẹ́ kó tó yé mi. Màá wo fóònù, fóònù á ní omi ń wọlé láago méje, màá débẹ̀ màá bá ẹrẹ̀ gbígbẹ! Afẹ́fẹ́ àríwá ni, nígbà òtútù tí cold front, ìyẹn afẹ́fẹ́ tútù ńlá tó ń ti àríwá bọ̀, bá ti kọjá, ó máa ń ti omi kúrò nínú bay lọ sínú Gulf, òkun gbalasa tó wà níta. Ìgbà tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ọ́ sínú ìwé pélébé kan ni ojú mi là, mo ń kọ ọjọ́, ibi tí afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́, ibi tí omi dé lára òpó kan tí mo fi ṣe àmì, àti ibi tí mo ti rí ẹja. Nígbà tí mo kọ ọ́ tó oṣù mẹ́fà, mo rí i pé bí omi bá ń fà jáde nínú àbàtà, ẹnu àwọn odò tín-ín-rín tó ń já síta ni redfish máa ń dúró sí, torí gbogbo akàn àti edé tó wà nínú koríko, ẹnu ọ̀nà yẹn ni wọ́n máa gbà jáde, kò ní wá wọn kiri mọ́, ó máa dúró dè wọ́n ni. Ẹ ju ìwọ̀ sókè odò yẹn díẹ̀ kẹ́ ẹ jẹ́ kí omi gbé e wá bá a.

Ti irinṣẹ́, mi ò ní pẹ́ níbẹ̀. Ọ̀pá ẹsẹ̀ bàtà 7, reel tó ń ká okùn, nọ́ńbà 3000, okùn braid (èyí tí wọ́n hun) tó lè gbé pọ́ùn 15, leader pọ́ùn 25, ìyẹn okùn kúkurú tó so mọ́ ìwọ̀, popping cork kan, ìyẹn kọ́ọ̀kì tó ń léfòó tó sì ń dún, edé ààyè lábẹ́ ẹ̀ ní nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà kan àtààbọ̀. Ẹ fà á kó dún, ẹ fi sílẹ̀, ẹ tún fà á. Ó ti tó. Ẹ dákun ẹ má lọ jẹ gbèsè nítorí ọ̀pá.

Ẹ ra láísẹ́ǹsì ẹja pípa. Ẹnikẹ́ni tó bá ti pé ọdún 17 gbọ́dọ̀ ní in, pẹ̀lú àfikún tomi iyọ̀, saltwater package yẹn sì máa ń parí ní August 31 láìka ìgbà tẹ́ ẹ rà á sí. Tẹ́ ẹ ò bá tíì lo oṣù mẹ́fà ní Texas, owó àlejò lẹ máa san. Ẹni tí ò tíì rówó ẹ̀, kó lọ sí Galveston Island State Park, ẹ lè pẹja létí omi ibẹ̀ láìní láísẹ́ǹsì, owó ìwọlé nìkan lẹ máa san, wọ́n ní àbàtà tó dáa lápá bay.

Redfish tẹ́ ẹ lè gbé lọlé gbọ́dọ̀ gùn tó íńṣì 20, kó má ju 28 lọ, mẹ́ta péré lójúmọ́ fún ẹnì kan. Mo ti fi ojú díwọ̀n ọ̀kan rí, mo ní ó ti tó, game warden, òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń ṣọ́ ẹja àti ẹran ìgbẹ́, gbé téèpù lé e, íńṣì 19 àtààbọ̀, mo sì san fáìnì. Ẹ̀bi mi ni, mi ò jiyàn. Ohun tí mi ò mọ̀ nígbà yẹn ni ìdí tí òfin yẹn fi wà, ó sì yẹ kẹ́ ẹ mọ̀ ọ́n. Ọmọdé ni redfish tó wà nínú bay, bó bá dàgbà á jáde lọ sí Gulf, ó lè gbé ju 30 ọdún lọ níbẹ̀, nígbà tó bá sì di ìparí ìgbà ooru wọ oṣù November wọ́n á kóra jọ sẹ́nu ọ̀nà òkun láti yé ẹyin. Texas ti fòfin de títa redfish inú omi wọn láti 1981. Láàárín àwọn ọdún yẹn náà ni blackened redfish, ìyẹn redfish tí wọ́n fi èròjà ata sè títí ara ẹ̀ fi dúdú, tí alásè kan tó ń jẹ́ Paul Prudhomme sọ di olókìkí ní New Orleans gbòde kan, gbogbo ilé oúnjẹ ń wá a, ni ọkọ̀ ńláńlá bá ń fi àwọ̀n yí àwọn ìyá ẹja ká lójú agbami, ìjọba àpapọ̀ ló dá wọn dúró ní 1986. Kí ẹja yìí tó padà pọ̀, wọ́n ń sin ọmọ ẹja nínú adágún wọ́n ń tú u sínú bay. Nítorí náà tẹ́ ẹ bá pa èyí tó ju 28 lọ létí jetty, ìyẹn ògiri òkúta tó wọnú òkun, nínú October, lóòótọ́ táàgì wà lára láísẹ́ǹsì yín tó fi lè di tiyín, àmọ́ ẹ bá mi dá a padà. Circle hook, ìwọ̀ tó tẹ̀ roboto, ni kẹ́ ẹ fi pa á kó má gbé ìwọ̀ mì, ẹ má fi ẹ̀rẹ̀kẹ́ gbé e kọ́, ẹ fọwọ́ méjèèjì gbà á lábẹ́ ikùn, kẹ́ ẹ dì í mú nínú omi títí òun fúnra ẹ̀ fi máa fi agbára gba ara ẹ̀ lọ́wọ́ yín.

Ẹ fẹ́ràn croaker l'Ékòó, àbí? Ìdílé kan náà ni wọ́n. Ẹ má bó ìpẹ́ ẹ̀, ó le jù. Ẹ là á sí méjì, ẹ fi ìpẹ́ kọjú sí iná, ẹ lọ ata rodo, àlùbọ́sà àti atalẹ̀ lé orí ẹran ẹ̀, ìpẹ́ yẹn ló máa gba gbogbo iná náà.

Kí n tó gbàgbé, tẹ́ ẹ bá wọnú omi, ẹ má gbẹ́sẹ̀ sókè, ẹ máa wọ́ ọ nílẹ̀ kí stingray, ẹja pẹlẹbẹ tó ní ẹ̀gún olóró nírù, lè gbọ́ yín kó sá. Tó bá ta yín, omi gbígbóná tí ara lè gbà ni kẹ́ ẹ ki ẹsẹ̀ bọ̀, kẹ́ ẹ sì lọ sí hospital. Ẹni tó bá ní egbò lára, kó dúró sórí ilẹ̀ lọ́jọ́ yẹn, kòkòrò àrùn Vibrio wà nínú omi yẹn nígbà ooru. San Luis Pass, ẹnu ọ̀nà òkun tó wà ní ìpẹ̀kun erékùṣù Galveston lápá ìwọ̀ oòrùn, ńkọ́? Ẹ má wọ omi ibẹ̀ rárá, ó ti gbé èèyàn lọ.

Sátidé tó bá tẹ̀lé afẹ́fẹ́ àríwá àkọ́kọ́ nínú October, aago márùn-ún ìdájí ni mo máa ń kúrò nílé, àyè èèyàn mẹ́ta wà nínú mọ́tò. Bàtà tó ní okùn ni kẹ́ ẹ wọ̀ o, oyster ibẹ̀ máa ń gé sílípáàsì sí méjì.