"Bẹ́ẹ̀ ni" ọjọ́ àkọ́kọ́ kò tó: ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ nípa ìtọ́jú orí fóònù ní Rẹ́mọ àti Ìjẹ̀bú

Bí ẹ bá bi ìyá ọlọ́jà kan ní Ṣágámù pé ṣé kí ilé ìwòsàn máa pè é lórí fóònù, "Bẹ́ẹ̀ ni" ló máa sọ. Ta ló fẹ́ wo ojú nọ́ọ̀sì tó ń tọ́jú òun kó ní òun ò fẹ́? Ìgbà tí ẹ bá pè é lẹ́ẹ̀kẹta lẹ tó máa mọ̀ bóyá ó gbà lóòótọ́. Àwọn èèyàn wa ò kọ fóònù. Ohun tí wọ́n ń sá fún ni kí àṣírí wọn tú, kí owó ìpè wọn dédé lọ, àti kí àjèjì máa yọ wọ́n lẹ́nu.

Ibi ìforúkọsílẹ̀ ni iṣẹ́ ti ń bàjẹ́ jù. Wọ́n á kọ nọ́ńbà sínú ìwé, wọn ò ní béèrè ẹni tó ni fóònù. Ẹ béèrè. Nígbà mìíràn ti ọkọ ni, nígbà mìíràn ti ọmọ tó wà l'Ékòó. Ẹ kọ ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ nọ́ńbà náà, kí ẹ sì ka gbogbo òǹkà 11 padà sí i létí. Kó tó dìde, ẹ pè é lójú ẹsẹ̀ kí fóònù dún lọ́wọ́ rẹ̀, kí ẹ bá a tọ́jú nọ́ńbà yín pẹ̀lú orúkọ tó bá wù ú. Kò gbà ju ìṣẹ́jú méjì lọ, mi ò sì tíì rí ohun tó ṣiṣẹ́ tó o. Lójú àgbàlagbà, gbájú-ẹ̀ ni nọ́ńbà tí kò lórúkọ, ẹ ò sì lè bá wọn wí. Ẹ sọ fún un kedere pé gbígbé ìpè yín kò ní gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, pé ẹ ò sì ní béèrè PIN, BVN tàbí NIN láéláé.

Àtẹ̀jíṣẹ́ Yorùbá ní wàhálà tirẹ̀, ọ̀pọ̀ ẹni tó ń ṣètò iṣẹ́ yìí ni kò sì mọ̀. Lẹ́tà lásán tí kò ní àmì, ojú ewé àtẹ̀jíṣẹ́ kan gba 160. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá ti fi ẹyọ ẹ, ọ tàbí ṣ kan ṣoṣo sí i, ojú ewé náà di 70 pére. Tó bá lé ní 70, owó ojú ewé méjì ni wọ́n máa gbà. Àmì ohùn orí ẹ àti ọ náà ń jẹ àyè tirẹ̀: "ẹ́" gba àyè méjì. Ìdí nìyẹn tí àwọn kan fi ń yọ gbogbo àmì kúrò. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dán an wò tó bá kan oògùn. "E lo ogun" tí kò ní àmì, ẹnì kan á kà á sí ẹ lo ògùn, ìyẹn oògùn, ẹlòmíràn á kà á sí ẹ lo ogún. Ogún hóró oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru lè pààyàn. Èmi kì í fi iye oògùn ránṣẹ́ rárá. Ẹnu ni mo fi ń sọ ọ́, ẹni náà á sì sọ ọ́ padà fún mi.

Ọjọ́ ìpadàbọ̀ ni kí ẹ fi àtẹ̀jíṣẹ́ rán: "Ẹ kú iṣẹ́ o, Ìyá Bọ́lá. Ọjọ́ Ajé la ń retí yín. Ẹ mú káàdì dání." Àyè 64 péré ló gbà, pẹ̀lú gbogbo àmì rẹ̀. Kò dárúkọ àìsàn, kò dárúkọ ìfètòsọ́mọbíbí, ẹnikẹ́ni tó bá gbé fóònù náà kò rí nǹkan kan mú. Ẹni tó bá sì ti fi STOP ránṣẹ́ sí 2442 kí ìpolówó má bàa wọlé, àtẹ̀jíṣẹ́ tí ẹ fi kọ̀ǹpútà rán sí ọ̀pọ̀ èèyàn lẹ́ẹ̀kan lè má dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Irú wọn, ẹ pè.

Ohùn ẹ̀rọ tó ń ní "tẹ ení, tẹ èjì" kì í bá àgbà lára mu. Lórí fóònù kékeré onítọ́ọ̀ṣì, yóò gbé e kúrò létí kó tó lè tẹ̀ ẹ́, ìgbà tó bá fi gbé e padà, ọ̀rọ̀ ti kọjá. Ẹ jẹ́ kí èèyàn sọ̀rọ̀, kó kọ́kọ́ kí wọn, kó sọ ibi tó ti ń pè kó tó débi ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá. Tó bá gbọ́ Ìjẹ̀bú, ó tún dáa jù.

Àsìkò náà ṣe pàtàkì. Ẹni tó ń tú ẹrù l'Ọ́jà Òkè-Àjé láàárọ̀ kò ní gbé e. Aago méje sí mẹ́jọ alẹ́ ló dáa. Ní abà, fóònù lè kú títí wọ́n á fi rí ibi tí wọ́n ti máa ṣáájì rẹ̀, nítorí náà ẹ béèrè wákàtí tó máa ń wà ní títàn. Ẹ má sì dá ọjọ́ abẹ́rẹ́ àjẹsára sí ọjọ́ kẹta Iléyá n'Íjẹ̀bú-Òde. Ojúde Ọba ni gbogbo ìlú ń lọ.

Lẹ́yìn ti ìgbà ìbí, àjẹsára ọmọ jẹ́ ọ̀sẹ̀ 6, 10 àti 14, lẹ́yìn náà oṣù 9 àti 15. Ẹ rán ìyá létí ní ọjọ́ méjì ṣáájú. Ṣùgbọ́n ìpè tí mo fọwọ́ sọ̀yà lé lórí jù ni ti àárọ̀ ọjọ́ kejì abẹ́rẹ́ ọ̀sẹ̀ kẹfà: "Ara ọmọ ńkọ́?" Ara gbígbóná òru yẹn ló ń lé ọ̀pọ̀ ìyá sá kí ọ̀sẹ̀ kẹwàá tó pé. Ẹ sọ fún un pé ó lè gbóná fún ọjọ́ kan tàbí méjì, àmọ́ tí ọmọ bá kọ ọmú, tó ní gìrì, tàbí tí kò jí dáadáa, kó gbé e wá kíá. Bẹ́ẹ̀ náà ni aboyún tí ẹ̀jẹ̀ ń dà lára rẹ̀: kó má dúró de ìpè ẹnikẹ́ni.

Nígbàkigbà tí aláìsàn bá padà wá, ẹ tún béèrè: "Ṣé nọ́ńbà yìí ṣì wà lọ́wọ́ yín?" Síìmù tí wọ́n pa tì fún ìgbà pípẹ́, ilé iṣẹ́ fóònù lè tà á fún ẹlòmíràn, ọ̀rọ̀ ìlera ẹni á sì bọ́ sọ́wọ́ àjèjì. Tó bá ti yí padà, ẹ fi báírò pupa fa igi lé ti àtijọ́, kí ẹ kọ tuntun, kí ẹ sì tún pè é níbẹ̀ kó tó jáde.