“Get”: ọ̀rọ̀ ìṣe Gẹ̀ẹ́sì tí ọmọ Àjàṣẹ́ kò yẹ kí ó bẹ̀rù

Ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) níhìn-ín ní ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀, èdè Faransé ni a fi ń kọ́ àwọn ọmọ iléèwé wa ní Gẹ̀ẹ́sì, ọ̀rọ̀ tí ó sì ń dá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi láàmú jù lọ kì í ṣe èyí tí ó gùn tàbí èyí tí ó ṣòroó pè, bí kò ṣe “get”, oní-lẹ́tà mẹ́ta péré. Gbogbo wọn ni wọ́n ti há a sórí pé “obtenir”, ìyẹn kí ènìyàn rí nǹkan gbà, ni ìtumọ̀ rẹ̀. Nígbà tí mo kọ “My mother is getting old” sára pátákó, ọmọ kan nawọ́, ó dìde, ó sì tú u sí “Ma mère obtient vieille” láìmikàn, àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ sì ń mi orí sí i. N kò bá a wí, nítorí ohun tí wọ́n kọ́ ọ ni ó tẹ̀ lé.

Òótọ́ ni pé rírí nǹkan gbà wà nídìí ọ̀rọ̀ náà. Àwọn jagunjagun àti àtìpó tí wọ́n ti Dẹ́ńmáàkì àti Nọ́wè wá tẹ̀dó sí ìhà àríwá àti ìlà-oòrùn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láti ọ̀rúndún kẹsàn-án ni wọ́n mú un wọ èdè náà; “geta” ni wọ́n ń pè é. Ṣùgbọ́n láti ìgbà yẹn wá ni ó ti ń ràn kálẹ̀, tí ó fi jẹ́ pé ohun tí ó bá tẹ̀ lé e ni ó ń sọ ohun tí ó jẹ́. Bí orúkọ nǹkan bá tẹ̀ lé e, ẹnìkan rí nǹkan gbà tàbí ó lọ mú un wá. Bí ibì kan bá tẹ̀ lé e, bíi “We got to Cotonou”, wọ́n dé Kùtọnù ni. Bí ó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ àpèjúwe, nǹkan ń yí padà: ilẹ̀ ń ṣú, ara ń rẹni, ìyá ń darúgbó. Ìdí nìyí tí mo fi ṣòfin nínú kíláàsì mi pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ bi mí ní ìtumọ̀ “get” láìka gbólóhùn tí ó wà nínú rẹ̀ sí mi létí.

Ohun tí ó ń yà mí lẹ́nu ni pé ọmọ tí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ kún ẹnu rẹ̀ láti kékeré ni ó ń sá fún un. Ẹ gbọ́ bí ó ṣe ń sọ̀rọ̀ nílé: ó gba owó lọ́wọ́ bàbá rẹ̀, ó gba ọ̀nà Ìgólò lọ, ó gbààwẹ̀, ó gba ìyá rẹ̀ gbọ́, iṣẹ́ náà gba wákàtí méjì, yàrá náà kò gba gbogbo wọn. Kò sẹ́ni tí ó jókòó kọ́ ọ ní èyíkéyìí nínú wọn, kò sì rò ó rí pé ẹni tí ó gba ọ̀nà Ìgólò ja ọ̀nà náà gbà lọ́wọ́ ẹnìkan. N kò sọ pé “gbà” àti “get” ṣe déédéé, nítorí a kì í gba arúgbó, a máa ń di arúgbó ni. Ohun tí mò ń sọ ni pé etí tí ó mọ “gbà” tó bẹ́ẹ̀ ti mọ bí a ṣe ń tẹ́tí sí “get”. Faransé tí a fi sáàárín ni ó dí i.

Ìṣòro yìí kò mọ sí iléèwé. Ìyá kan tí ó ń ta aṣọ ní ọjà Ouando gbé fóònù rẹ̀ fún mi kí n bá òun ka ohun tí oníbàárà rẹ̀ kọ ránṣẹ́ láti Èkó: “I will get back to you.”

“Ọmọ mi, ọjọ́ wo ni ó ní òun ń padà bọ̀? Mo ti di ẹrù rẹ̀ kalẹ̀.”

“Ìyá, kò ní òun ń bọ̀ o. Ó ní òun á fún yín lésì ni.”

Ó pòṣé, ó sì tú ẹrù náà.

Àwọn tí ń wo fíìmù Amẹ́ríkà a máa bi mí bóyá “gotten”, bíi “She has gotten old”, tọ̀nà. Ó tọ̀nà lọ́hùn-ún. “Got” ni àwọn ará Gẹ̀ẹ́sì ń sọ lónìí, ṣùgbọ́n “gotten” wà nínú Bíbélì wọn ti ọdún 1611, níbi tí Éfà ti bí Káínì, nítorí náà kì í ṣe àwọn ará Amẹ́ríkà ni wọ́n hùmọ̀ rẹ̀.

Ti ọkọ̀ ni ó rọrùn jù láti fi Yorùbá kọ́ wọn. Alùpùpù ni à ń gùn, “get on”. Mọ́tò ni à ń wọ̀, “get in”. Bọ́ọ̀sì ni ó da ìlànà náà rú, nítorí a ń wọ̀ ọ́ ní tiwa, Gẹ̀ẹ́sì sì ń gùn ún: ọkọ̀ tí ènìyàn lè dìde dúró kí ó sì rìn nínú rẹ̀, “get on” ni wọ́n ń sọ fún un, títí kan ọkọ̀ òfuurufú.