Ẹyin 12 Tó Fọ́: Ohun Tí Mo Kọ́ Nípa Ìbéèrè Ìṣirò Tí Kò Yé Ọmọ

Ẹ̀yin àbúrò mi tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ olùkọ́ ìṣirò, pàápàá ẹ̀yin àgùnbánirọ̀ tí wọ́n gbé wá sí Abuja, ìbéèrè kan tí mo fọwọ́ ara mi kọ ni mo fẹ́ fi bẹ̀rẹ̀. Ọdún 2014 ni. Mo wà ní ọdún kejì mi nílé ẹ̀kọ́ kan ní Nyanya, JSS 1 ni mò ń kọ́. Ní ọjọ́ Fráídè kan, mo fún wọn ní iṣẹ́ àṣetiléwá. Bí a bá gbé ìbéèrè kẹta ibẹ̀ kúrò ní Gẹ̀ẹ́sì, ohun tó sọ nìyí: "Obìnrin kan ra kiréètì ẹyin 5 ní ₦700 ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ó tà wọ́n ní ₦30 ọ̀kọ̀ọ̀kan. Bí ẹyin 12 bá fọ́, èló ni èrè rẹ̀?"

Lójú tèmi, kò sóhun tó le níbẹ̀. Kiréètì 5 jẹ́ ẹyin 150. Yọ 12 kúrò, ó ku 138. Ní ₦30, ó di ₦4,140. Yọ ₦3,500 tó fi rà á, èrè jẹ́ ₦640.

Nígbà tí mo gba ìwé wọn ní Mọ́ńdè, orí mi gbóná. Ọmọ kan ka ẹyin 12 sí kiréètì kan, nítorí pé dọ́sìnnì ló mọ̀. Òmíràn kọ ọ́ pé òfò ₦3,350 ni obìnrin náà jẹ: "wọ́n" tí mo kọ, kiréètì ló kà á sí, ó sì fi ₦30 ta kiréètì márààrún ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ọmọbìnrin kan kọ ₦880. Mo wo iṣẹ́ rẹ̀, mo rí 12 × 20 níbì kan. Mo fi bíírò pupa fa àgbélébùú lé e, mo kọ ọ́ sí ẹ̀gbẹ́ pé, "Níbo lo ti rí ₦20?"

Ìyá ọmọ náà wá ní Wẹ́sídè. Ọmọ Ọ̀fà ni, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìyá mi, síbẹ̀ ó ń fi "ẹ" bá mi sọ̀rọ̀ nítorí ọmọ rẹ̀.

"Àǹtí, ẹ kú iṣẹ́ o. Mi ò wá jà o. Ẹyin ni mò ń tà. Ọmọ yìí ló máa ń bá mi ṣà á tó bá ti ilé ìwé dé. Ẹyin tó bá sán, a kì í dà á nù. Mai shayi tó wà létí títì máa ń wá kó o nírọ̀lẹ́, ₦20 ẹyọ kan, òun á lọ fi dín ẹyin fáwọn oníbàárà rẹ̀. Èyí tó bá tú pátápátá nìkan ni òfò. Èyí tí ẹ kọ yìí, ṣé ó sán ni àbí ó tú?"

Mi ò rí èsì fún un. Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí mo lò gba méjèèjì, mi ò sì ronú kan èyíkéyìí nínú wọn. Iye ẹyin tó wà nínú kiréètì nìkan ni mo rò, èmi náà ò sì kọ ọ́ sílẹ̀ fún ọmọ. Obìnrin tó ń ta ẹyin kò ní sọ pé "₦30 ọ̀kọ̀ọ̀kan" láìfi ohun tó ń tà kún un. "Ẹyọ kan ₦30, kiréètì kan ₦700" ni yóò wí, ó sì ti yé ẹni tó fẹ́ rà.

Mo dá máàkì méjì padà fún ọmọ náà níwájú gbogbo kíláàsì, mo sì sọ ìdí rẹ̀ fún wọn. Àmọ́ ohun tó ń dùn mí jù kì í ṣe máàkì. Àwọn ọmọ mélòó kan ti rí i pé ìbéèrè náà kò pé, wọ́n sì dákẹ́. Wọ́n kàn fi nọ́ńbà ṣe nǹkan kan, wọ́n fa ìlà sábẹ́ ìdáhùn, ó parí. Àwa la kọ́ wọn bẹ́ẹ̀. Bí ọmọ bá ń rí ìbéèrè tí kò nítumọ̀ lóṣù lóṣù, tó sì ń rí i pé òun ṣì lè gba máàkì bí òun bá ti kó nọ́ńbà pọ̀, kò ní pẹ́ tí yóò fi yéé ka ìbéèrè. Yóò máa wá nọ́ńbà inú rẹ̀ nìkan.

Nígbà tó yá, mo kà nípa ìdánwò kan tí wọ́n ṣe fáwọn ọmọ ọdún 13 káàkiri Amẹ́ríkà ní ọdún 1983. Bọ́ọ̀sì kan ń gba sójà 36. Sójà 1,128 fẹ́ rìnrìn-àjò. Bọ́ọ̀sì mélòó ni wọ́n máa nílò? Nǹkan bí 70 nínú ọgọ́rùn-ún ọmọ ló pín in dáadáa. Àmọ́ 23 péré nínú ọgọ́rùn-ún ló dáhùn pé 32. Àwọn 29 kọ ọ́ pé bọ́ọ̀sì 31, ó ku 12, bí ẹni pé sójà 12 máa dúró sí ibùdókọ̀ títí láé. Ìbéèrè yẹn kò ní àbùkù kankan o. Àwọn ọmọ náà ti dẹ́kun kíkà ni.

Ní ilẹ̀ Faransé, ní nǹkan bí ọdún 1980, àwọn olùwádìí ní Grenoble bi àwọn ọmọ ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ léèrè pé àgùntàn 26 àti ewúrẹ́ 10 wà nínú ọkọ̀ ojú omi, ọmọ ọdún mélòó ni ọ̀gá ọkọ̀? Nínú ọmọ 97, àwọn 76 ló fi àwọn nọ́ńbà yẹn rí ọjọ́ orí fún un. Èmi náà dán an wò ní kíláàsì mi. Mo sọ ọkọ̀ ojú omi di ọkọ̀ akẹ́rù tó ń ti Kano bọ̀ wá sí Abuja, mo bi wọ́n léèrè ọjọ́ orí awakọ̀. Ọ̀pọ̀ kọ 36. Mo bi ọmọkùnrin kan léèrè ìdí, ó ní, "Àǹtí, mo rò pé gbogbo nọ́ńbà tí ẹ bá kọ, ẹ fẹ́ ká lò ó ni." Mo ṣì ń gbọ́ gbólóhùn yẹn létí mi bí mo bá ti mú bíírò láti kọ ìbéèrè.

Ọ̀rọ̀ èdè náà tún wà níbẹ̀. Ní Abuja yìí, ìwọ̀nba ọmọ ló ń fi Gẹ̀ẹ́sì lálàá. Yorùbá, Hausa, Gbagyi, Igbo, gbogbo wọn ló wà nínú kíláàsì kan. Ẹ kọ "5 less than n", ẹ ó rí i pé ìdajì kíláàsì máa kọ 5 − n dípò n − 5, torí pé bí ọ̀rọ̀ ṣe tò ni wọ́n ń kọ ọ́. Mo ti fi chalk pariwo títí lórí èyí. Ohun tó jẹ́ kó yé wọn ni nọ́ńbà ilé wọn. Mo ní kí ọmọ Yorùbá kan ka 18. Ó ní "méjìdínlógún". Mo ní kó tú u: méjì, ó dín, ní ogún. Èjì ló ṣáájú lẹ́nu, àmọ́ ogún la ti ń yọ ọ́ kúrò. Bí Gẹ̀ẹ́sì yẹn gan-an ṣe tò nìyẹn. Ọmọ Hausa kan ní tiwọn ni "ashirin biyu babu", ìyẹn ni pé ogún, méjì kò sí níbẹ̀. Tiwọn tò gẹ́lẹ́ bí a ṣe ń kọ 20 − 2 sójú pátákó. Ẹ wo bí àwọn ọmọ yẹn ṣe ń wo ara wọn! Láti ọjọ́ náà, mo máa ń gbọ́ tí wọ́n ń sọ ọ́ sábẹ́ ẹnu bí wọ́n bá dé irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀: "méjìdínlógún, méjìdínlógún."

BODMAS, ìyẹn òfin èyí tó yẹ ká kọ́kọ́ ṣe nínú ìṣirò, náà ń dá wàhálà sílẹ̀, àmọ́ kò gba ọ̀rọ̀ púpọ̀. 10 − 4 + 3, òbí máa fi ìyá òun búra pé 3 ni, torí pé A (àròpọ̀) ṣáájú S (àyọkúrò) nínú orúkọ òfin náà. 9 ni. Àròpọ̀ àti àyọkúrò dọ́gba, láti òsì sí ọ̀tún la ń ṣe wọ́n. Bí kò bá jẹ́ pé èyí gan-an lẹ ń dán wò, ẹ fi àkámọ́ sí i kí ilé lè rójú.

Ẹ sì jọ̀ọ́, ìbéèrè tí ẹ bá wà jáde lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹ kọ́kọ́ kà á fúnra yín. Ọmọ kan bi mí nígbà kan bóyá "quarters" inú ìbéèrè owó dọ́là, ìyẹn owó ẹyọ tó jẹ́ ìdá mẹ́rin dọ́là kan, ni quarters àwọn ọlọ́pàá tó wà ní àdúgbò wọn.

Ohun tí mò ń ṣe báyìí kò gba àkókò. Mo máa ń fi ìbéèrè sílẹ̀ di ọjọ́ kejì, kí n tó dáhùn rẹ̀ fúnra mi láìwo ohun tí mo ní lọ́kàn tẹ́lẹ̀. Lẹ́yìn náà ni n ó kà á sókè fún ẹnì kan tí kì í ṣe tíṣà ìṣirò. Ìyá tó ń ta oúnjẹ fún wa ló ti bá mi tún èyí tó pọ̀ jù ṣe, torí pé kì í tijú láti sọ pé, "Àǹtí, kí lẹ ń sọ gan-an?" Bí ọmọ mẹ́ta tó mọ ìwé bá ṣi ibì kan náà gbà, mi ò ní fa bíírò pupa kí n tó padà wo ìbéèrè mi. Bí ọmọ bá sì kọ ọ́ sílẹ̀ pé, "Ìbéèrè yìí kò sọ báyìí, ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ báyìí, ìdáhùn mi nìyí," gbogbo máàkì ibẹ̀ ni mò ń fún un.

Mo ní ìwé ńlá kan tí mo ń kọ gbogbo ìbéèrè tó ti kọ àwọn ọmọ lẹ́sẹ̀ sí: bí mo ṣe kọ ọ́ lápá òsì, bí mo ṣe tún un ṣe lápá ọ̀tún. Ẹyin ló wà lójú ewé àkọ́kọ́. Lápá ọ̀tún ibẹ̀, ó kà pé obìnrin kan ra kiréètì 5, ẹyin 30 nínú kiréètì kan, ₦700 ni kiréètì kan. Ẹyin 12 sán, ó ta ẹyọ kan wọn ní ₦20. Ó ta ìyókù ní ₦30 ẹyọ kan. Èló ni èrè rẹ̀? Ìwé náà wà nínú dúrọ́ọ̀ kejì tábìlì mi, ní ọ́fíìsì àwa tíṣà ìṣirò. Ẹ̀yin tó ń bọ̀ ní September, ẹ mú un, ẹ kà á. Ojú ewé ṣì pọ̀ níbẹ̀ fún tiyín.