Mo gbé imú F-150 mi sókè díẹ̀

Ọkọ̀ akẹ́rù Ford F-150 ọdún 2018 ni mò ń wà ní Houston níbí. Bó ṣe wá láti ilé-iṣẹ́, iwájú rẹ̀ relẹ̀ ju ẹ̀yìn lọ, torí pé bí ẹrù bá wọ̀ ọ́, ẹ̀yìn á tẹ̀ wálẹ̀, ọkọ̀ á sì dọ́gba. Ìdí nìyẹn tí leveling kit (ohun èlò tí wọ́n fi ń gbé iwájú ọkọ̀ sókè kó lè dọ́gba pẹ̀lú ẹ̀yìn) tí mo rà ò fi ju ínṣì 2 lọ. Mo máa ń fa tírélà, mi ò sì fẹ́ kí iná mi máa tàn sójú àwọn tó ń bọ̀ lóru.

Táyà ni mo rò jù. Ìwọ̀n 275/65R18 ló wà níbẹ̀. Mo bọ́ sí 275/70R18, tó ga tó ínṣì 33. Torí pé ó ga ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, bí mítà bá ń ka máìlì 60 ní wákàtí kan báyìí, eré máìlì 62 ni mò ń sá.

Rímù àtilẹ̀wá ni mo fi sílẹ̀. Èyí tó bá yọ síta jù, táyà á máa ha fẹ́ńdà. Ní tèmi, bí mo bá yí sítíárìn dé òpin, ìka méjì ṣì ń wọ àárín táyà àti ike inú fẹ́ńdà. Ó tẹ́ mi lọ́rùn gan-an.

Ẹ jọ̀ọ́, bí ẹ bá ti gbé e sókè tán, alignment (títún ẹsẹ̀ táyà tò kó lè dúró gún) ló kàn. Ẹ má dá a dúró dọ̀la, torí ẹ̀gbẹ́ kan ni táyà tuntun yẹn á ti jẹ tán.