Abọ́ Arère àti Epo Tí Yóò Mu

Bí a bá dárúkọ igi arère létí káfíńtà ní Adó-Èkìtì níbí, ohun tí yóò kọ́kọ́ sọ ni pé pákó àjà ni, tàbí pákó tí àwọn bíríkìlà ń kàn yí kọnkéré ká tí wọ́n sì ń jù nù bí kọnkéré bá ti le. N kò bá wọn jiyàn pé igi náà rọ̀. Ìtì arère gbígbẹ tó bá jẹ́ mítà kan ní gígùn, ní ìbú àti ní gíga máa ń wọ̀n tó nǹkan bíi kílógíráàmù 380, bẹ́ẹ̀ irú ìtì kan náà láti ara ìrókò máa ń tó nǹkan bíi 650. Ihò tíntìntín ló pọ̀ nínú arère tó bẹ́ẹ̀, inú àwọn ihò yìí sì ni epo máa ń gbà wọlé. Ìdí nìyí tí mo fi máa ń sọ fún àwọn tó ń béèrè epo tí wọn yóò fi pa abọ́ arère tí a fi ẹ̀rọ yí lọ́wọ́ mi pé ọ̀rọ̀ irin tí a fi ń gbẹ́ ẹ ni kí a kọ́kọ́ sọ. Epo kì í bo àléébù ara abọ́ arère; ńṣe ló máa ń tú u síta.

Ẹ̀rọ léètì, èyí tó ń yí igi po kí irin lè gbẹ́ ẹ, kì í ṣe ohun àbáláyé nílẹ̀ wa. Ọlọ́wẹ̀ ará Ìsẹ̀, ọmọ Ẹ̀fọ̀n-Alààyè tó kú ní nǹkan bí ọdún 1938, ẹni tó gbẹ́ ilẹ̀kùn ààfin Ògògà Ìkẹ́rẹ́ tí wọ́n gbé lọ síbi ìpàtẹ Wembley ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1924, tó sì wà ní British Museum títí di òní, irin ọwọ́ àti ọ̀bẹ ló fi ṣe iṣẹ́ rẹ̀. Ohun kan tí mo mú lára àṣà irú àwọn gbẹ́nàgbẹ́nà bẹ́ẹ̀ ni pé wọ́n máa ń gbẹ́ igi nígbà tó ṣì tútù. Èmi náà máa ń kọ́kọ́ yí abọ́ ní tútù, n óò sì fi ara rẹ̀ sílẹ̀ ní nínípọn. Abọ́ tí yóò fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 30, ara rẹ̀ yóò nípọn tó sẹ̀ǹtímítà 3, nítorí pé igi kì í súnkì dọ́gba bó ti ń gbẹ. Yóò gùn lọ́nà kan ju ọ̀nà kejì lọ, èyí tó ṣẹ́ kù sì ni a óò fi yí i padà sí róbótó.

Arère tètè máa ń gbẹ, ìyẹn sì dára. Ṣùgbọ́n lásìkò òjò, bí a bá ju gẹdú rẹ̀ sílẹ̀ lásán, àwọ̀ aró á ti wọ̀ ọ́ kí a tó rántí rẹ̀. Olú kan tí ojú kò tètè rí ló ń fà á. Kò ní kí igi náà má lágbára, àmọ́ ó máa ń wọlé jìnnà débi pé sáńpépà kò ràn án, epo yóò sì tún mú un dúdú sí i. Nígbà ọyẹ́ ẹ̀wẹ̀, lílà ni ìbẹ̀rù wà. Mo máa ń fi ìda kun ibi tí iṣan igi, ìyẹn fọ́nrán wẹ́wẹ́ tó gùn nínú rẹ̀, ti gé, n óò sì fi ìwé àpò sìmẹ́ńtì wé gbogbo rẹ̀. Òṣùwọ̀n ilé ìdáná ni mo fi ń mọ̀ bó bá ti gbẹ: bí ìwọ̀n rẹ̀ kò bá dín mọ́ láti ọ̀sẹ̀ dé ọ̀sẹ̀, ó ti tó gbé padà sórí ẹ̀rọ.

Ibi tí iṣẹ́ wà gan-an nìyí. Nínú abọ́ tí a yí láti ara pákó tó nípọn, ọ̀nà kan ṣoṣo ni iṣan igi ń gbà kọjá. Nítorí náà, ní gbogbo ìgbà tí abọ́ bá yí po lẹ́ẹ̀kan, ẹ̀ẹ̀mejì ni irin ń bá ẹ̀gbẹ́ iṣan pàdé, ẹ̀ẹ̀mejì ló sì ń bá ojú ìgé pàdé, ìyẹn ibi tí orí iṣan ti kọjú síta. Iṣan igi líle máa ń dúró gbọn-in kí irin gé e. Ti arère máa ń kọ́kọ́ tẹ̀, lẹ́yìn náà ni yóò fà tu. Ẹ dá ẹ̀rọ dúró, kí ẹ fi tọ́ọ̀ṣì tàn án láti ẹ̀gbẹ́, ẹ ó rí apá méjì tó kọjú síra tó rí ṣákiṣàki, tí irun funfun wẹ́wẹ́ wà lára rẹ̀. Bí ẹ bá fi ìka pa á lọ síwájú, irun náà á dùbúlẹ̀. Bí ẹ bá pa á bọ̀ sẹ́yìn, á dìde. Kò sí epo tó máa yanjú èyí.

Àwọn kan rò pé igi rírọ̀ kò nílò irin mímú. Òun gan-an ló nílò rẹ̀ jù. Bí irin bá mú, èérún igi á máa jáde ní gígùn. Bó bá ti kú, ìyẹ̀fun ni yóò máa dà sílẹ̀, ìró rẹ̀ lára igi á sì yí padà. Mo máa ń pọ́n irin mi lákọ̀tun kí n tó fá abọ́ kẹ́yìn, ì báà jẹ́ pé ó ṣì mú tẹ́lẹ̀. Lóde abọ́, láti ìdí lọ sí ẹnu ni kí irin gbà. Nínú rẹ̀, láti ẹnu lọ sí ìsàlẹ̀, nítorí pé báyìí ni iṣan tó wà lẹ́yìn yóò fi máa gbé ti iwájú ró.

Bí irun náà bá kọ̀ tí kò lọ, mo máa ń fi ṣẹ́láàkì, ìyẹn oje tí a fi ń kun igi, tí mo fi sípíríìtì là dáadáa kun ibẹ̀, kí iṣan lè gan díẹ̀, lẹ́yìn tó bá gbẹ, n óò fá a lẹ́ẹ̀kan sí i, fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Àwọn mìíràn máa ń da súpà gúlúù sí i. Èmi kì í ṣe bẹ́ẹ̀ níbi tí ojú lè dé, torí pé ibi tí gúlúù bá ti wọ̀, epo kò ní wọ̀ ọ́ mọ́, àpá rẹ̀ á sì hàn gbangba. Inú ihò sukúrù tó so abọ́ mọ́ ẹ̀rọ nìkan ni mo ti ń lò ó, nítorí pé sukúrù kì í di igi rírọ̀ mú dáadáa, abọ́ tó bá sì já kúrò lórí ẹ̀rọ kì í mọ ojú ẹni.

Sáńpépà kò gba àlàyé púpọ̀. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti nọ́ńbà 120 títí dé 320 (bí nọ́ńbà bá ti ga sí i ló ń kúnná sí i), kí ẹ fi omi díẹ̀ nu abọ́ náà kí irun lè dìde, kí ẹ jẹ́ kó gbẹ, kí ẹ sì tún fi sáńpépà ha á. Ojú ìgé ni mo máa ń bá dé 400, torí pé bó bá ti ń dán sí i ni epo tí yóò mu ń dín kù. Ewé eépín tí àwọn gbẹ́nàgbẹ́nà fi ń dán ère ṣì wúlò fún inú abọ́, nítorí ó máa ń tẹ̀ wọ kọ̀rọ̀. Ẹ bo imú o: eruku arère máa ń fa ikọ́-fée fún àwọn kan, ó sì máa ń yún àwọn mìíràn lára.

Gbẹ́nàgbẹ́nà ti ṣe tán, ó wá ku gbẹ́nugbẹ́nu. Lórí ọ̀rọ̀ epo sì ni ẹnu ti máa ń pọ̀ jù. Àbúrò ìyá mi kan bi mí pé, “Epo pupa ń bẹ nílé, òrí ń bẹ nílé, kí lo tún ń wá lọ sọ́dọ̀ àwọn ọlọ́dà?” Mo ní, “Ẹ má bínú, Màámi, epo tiwa kì í gbẹ ni.” Gbígbẹ epo kò dà bíi ti omi tó ń fò lọ. Ọ́síjìn inú afẹ́fẹ́ ló ń wọ inú epo náà tó sì ń so ó pọ̀ di ohun líle. Epo linseed, tí wọ́n ń fún láti ara hóró ewéko kan tó ń jẹ́ flax, àti epo tung tó ti Ṣáínà wá, lè ṣe bẹ́ẹ̀. Epo pupa, òrí, àdín àti òróró ẹ̀pà kò lè ṣe é. Nínú arère tó ń mu púpọ̀, wọn yóò jókòó síbẹ̀ ní tútù, wọn yóò máa jáde sí ọwọ́ ẹni bí oòrùn bá mú, bó bá sì pẹ́, wọn yóò máa rùn. Liquid paraffin tí wọ́n ń tà nílé oògùn kì í gbẹ bákan náà, àmọ́ kì í kan. Ọmọrogùn tí a ń fọ̀ lójoojúmọ́ ni mo fi ń pa.

Ẹ ka ara ìgò bí ẹ bá ń ra linseed. Èyí tí wọ́n kọ boiled sí lára sábà máa ń ní èròjà irin tó ń mú un tètè gbẹ, kí ẹ fi ìyẹn sílẹ̀ fún àga. Ti abọ́ oúnjẹ, èyí tí wọn kò po nǹkan kan mọ́ ni mo fara mọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó máa ń gba sùúrù.

Bí a bá fi epo pa á lẹ́sẹ̀ kan náà láti òkè délẹ̀, ojú ìgé méjèèjì á dúdú, ẹ̀gbẹ́ á sì wà ní àwọ̀ ìpara wàrà rẹ̀. Nítorí náà ni mo ṣe máa ń fi ṣẹ́láàkì fẹ́ẹ́rẹ́ kun ojú ìgé nìkan ṣáájú. Ìmọ̀ràn tó wọ́pọ̀ ni pé kí a máa bu epo sí i títí yóò fi yó. N kò gbà á fún arère, nítorí pé epo tó bá wọlé jinlẹ̀ jù kì í rí afẹ́fẹ́ tó. Ẹ pa á fẹ́ẹ́rẹ́, kí ẹ dúró fún nǹkan bí ogún ìṣẹ́jú, kí ẹ sì nu gbogbo èyí tí kò wọlé kúrò, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, á máa lẹ̀. Kò gbọ́dọ̀ lẹ̀ mọ́ ìka kí ẹ tó tún òmíràn pa. Nígbà òjò, ìyẹn lè pẹ́ gan-an. Bí ẹ bá fẹ́ pa epo nígbà tí abọ́ ń yí, ìwé ìnuwọ́ ni kí ẹ lò, torí pé ìwé á ya, ṣùgbọ́n aṣọ lè lọ́ mọ́ ẹ̀rọ kó sì fa ìka lọ. Ìwé tàbí aṣọ tí linseed bá ti wà lára rẹ̀, ẹ má ká a jọ sí kọ̀rọ̀: bó ti ń gbẹ ló ń mú ooru jáde, ó sì lè gbiná láìsí ẹni tó ṣáná sí i. Orí okùn níta ni mo ń tẹ́ tèmi sí, tàbí kí n rì í bọ omi.

Abọ́ arère kò wà fún ọbẹ̀, kò sì wà fún iyán gbígbóná, bó ti wù kí ọ̀rọ̀ iyán ká ará Èkìtì lára tó. Obì, orógbó, ẹ̀pà àti ọsàn ló yẹ ẹ́, lẹ́yìn tí òórùn epo bá ti lọ pátápátá. Aṣọ tútù ni kí ẹ fi nù ún, ẹ má rẹ ẹ́ sómi. Bí omi tí ẹ kán sí i kò bá dúró lójú rẹ̀ mọ́ tó ń rì wọlé, ẹ tún fi epo díẹ̀ pa á. Bí ẹ bá sì jí rí ìyẹ̀fun wẹ́wẹ́ lábẹ́ rẹ̀, kòkòrò ti wọ̀ ọ́, epo kọ́ ni yóò lé e. Ẹ di abọ́ náà sínú ọ̀rá, kí ẹ gbé e sínú fìrísà fún ọ̀sẹ̀ méjì, bí iná bá gbà fún yín.